Olùgbàlejò Tí Àyè Rẹ̀ Kò Tó: Ààlà USB Nínú Ọpọlọ Ẹ̀rọ Kékeré àti Iṣẹ́ Olùkọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ìfáárà

Ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkìtì, láti Ìjerò dé Àrámọ̀kọ, títí dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí ó wà láàárín òkè ní ọ̀nà Iléṣà, ohun èlò tí ó ní ihò USB kì í ṣe nǹkan àjèjì mọ́. Ó lè jẹ́ fóònù olùkọ́, ó lè jẹ́ àpótí ohùn tí a fi ń gbọ́ orin, ó sì lè jẹ́ tẹlifíṣọ̀n inú yàrá àwọn olùkọ́. Ẹ̀rọ POS tí a fi ń gba owó lẹ́bàá ọjà wà lára wọn. Àwọn olùdìbò agbègbè yìí tún pàdé ẹ̀yà mìíràn nínú ìdílé yìí ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2022, nígbà tí àjọ INEC fi ẹ̀rọ BVAS yẹ ìka àti ojú wọn wò nínú ìbò gómìnà. Ohun tí ó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé ọpọlọ ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí a ti fi iṣẹ́ pàtó lé lọ́wọ́ láti ilé-iṣẹ́ tí ó ti jáde. Irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ń pè ní ọpọlọ àfisínú, kí a lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọpọlọ kọ̀ǹpútà gidi.

Ìṣòro tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí kò ṣàjèjì sí olùkọ́. Olùkọ́ Yorùbá kan lè to àlọ́ àti oríkì sínú fáláàṣì lórí kọ̀ǹpútà ní alẹ́, kí ó sì gbọ́ wọn kedere. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ó ki fáláàṣì kan náà bọ inú tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí àpótí ohùn ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀rọ náà yóò ṣe bí ẹni pé kò rí nǹkan kan. Ohun tí ó sábà máa ń wá sí olùkọ́ lọ́kàn ni pé fáláàṣì ti bàjẹ́, tàbí pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ẹlòmíràn á jù ú nù. Ẹlòmíràn á lọ ra èyí tí ó tóbi jù ú lọ, èyí sì lè mú kí ọ̀rọ̀ tún burú sí i. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tí ó ṣe fáláàṣì náà. Ẹ̀rọ tí a kì í bọ̀ ni kò ní agbára láti gbà á lálejò, bí ó tilẹ̀ ní ihò tí ó gbà á.

Ìrísí ihò, nígbà náà, kì í ṣe ẹ̀rí. Ìgbàlejò jẹ́ iṣẹ́ tí ó ń gba àkókò, àyè ìrántí, ìmọ̀ àti iná. Ìwọ̀nba tí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ bá rò pé iṣẹ́ tirẹ̀ nílò ni ó máa ń fi sínú ọpọlọ àfisínú. Olùkọ́ tí ó bá mọ ibi tí ìwọ̀nba yẹn parí sí kò ní tún máa fi ẹ̀bi kan fáláàṣì, kò sì ní jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ná owó òbí sórí ohun tí kò lè ṣe iṣẹ́ tí a rà á fún.

Ẹni tí ń pè àti ẹni tí ń dáhùn

USB kò pín iṣẹ́ dọ́gba láàárín ẹ̀rọ méjì tí okùn so pọ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1996, nígbà tí ilé-iṣẹ́ méje, lára wọn Intel, Microsoft, IBM àti NEC, gbé òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ni a ti fi ẹ̀rọ kan ṣe olùgbàlejò tí a sì fi àwọn yòókù ṣe àlejò. Kọ̀ǹpútà ni olùgbàlejò. Kíbọ́ọ̀dù, máòsì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti fáláàṣì ni àlejò. Àlejò kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ àfi bí olùgbàlejò bá bi í.

Ẹni tí ó bá ti jókòó rí nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó le yóò tètè lóye ètò yìí. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọdọ̀ nawọ́ sókè. Olùkọ́ ni yóò máa pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan bóyá ó ní nǹkan láti sọ. Àní nígbà tí ènìyàn bá tẹ lẹ́tà kan, kíbọ́ọ̀dù kò ké sí kọ̀ǹpútà. Ńṣe ni ó di lẹ́tà náà mú, tí ó dákẹ́, títí kọ̀ǹpútà yóò fi yípo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lórí okùn tí ó ń gbé mẹ́gábíìtì 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, olùgbàlejò ń bẹ̀rẹ̀ ìyípo tuntun nígbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá náà. Lórí èyí tí ó ń gbé mẹ́gábíìtì 480, tí ó dé pẹ̀lú USB 2.0 ní oṣù kẹrin ọdún 2000, ìyípo náà di 8,000.

Àwọn tí ó ṣe òfin yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n fẹ́ kí owó kíbọ́ọ̀dù àti máòsì má ga, nítorí náà wọ́n gbé gbogbo ẹrù àti gbogbo ọgbọ́n lé kọ̀ǹpútà lórí, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ tóbi, tí ìrántí rẹ̀ sì pọ̀. Ìpín yẹn bá ọdún 1996 mu. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ohun èlò kékeré, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àlejò tẹ́lẹ̀, fẹ́ di olùgbàlejò.

Ohun tí ìgbàlejò ń ná ọpọlọ kékeré

Bí àlejò bá dé ẹnu ihò, olùgbàlejò ní láti fún un ní iná, kí ó pa á dé ipò ìbẹ̀rẹ̀, kí ó béèrè irú ẹni tí ó jẹ́, kí ó sì fún un ní nọ́ńbà kan láti 1 sí 127. Lẹ́yìn èyí, ó ní láti wá ètò-iṣẹ́ tí ó gbọ́ èdè irú àlejò bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tí ó ní nílé. Kọ̀ǹpútà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ètò-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ó bá sì ṣaláìní ọ̀kan, ó lè wá a lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọpọlọ àfisínú kò ní ju èyí tí a dì sí i lẹ́rù láti ilé-iṣẹ́ lọ. Bí a bá fi ètò fáláàṣì nìkan sínú rẹ̀, ó lè jẹ́ kíbọ́ọ̀dù tí ó dára jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà ni a mú wá, kò ní mọ̀ ọ́n.

Àyè ìrántí ni ìṣòro kejì. Pátákó Arduino Uno, tí ó gbajúmọ̀ láàárín àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ, ní ọpọlọ ATmega328P. Gbogbo ìrántí tí ọpọlọ yìí fi ń ṣiṣẹ́ kò ju báìtì 2,048 lọ. Ìpín kan ṣoṣo nínú fáláàṣì, èyí tí ó kéré jù tí a sábà máa ń lè kà lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ báìtì 512. Èyí ni pé kí ọpọlọ náà tó gba ìpín kan péré sọ́wọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ìrántí rẹ̀ ti lọ, kò sì tíì wá fáìlì kankan. Ọpọlọ náà kò tilẹ̀ ní USB nínú ara rẹ̀. Ọpọlọ kejì lórí pátákó náà ni ó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí àlejò ni òun náà sì ń ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí Arduino Uno gba kíbọ́ọ̀dù lálejò ní láti ra pátákó àfikún tí ẹ̀yà MAX3421E wà lórí rẹ̀, kí ó sì gbà pé ètò-iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ ibi tí ó pọ̀ nínú àyè tí ó kù.

Ìdílé STM32 ti ilé-iṣẹ́ STMicroelectronics fi ìyàtọ̀ mìíràn hàn. STM32F103, tí ó wà lórí ọ̀pọ̀ pátákó olówó pọ́ọ́kú, ní USB, ṣùgbọ́n àlejò nìkan ni ó lè jẹ́. STM32F407 lè jẹ́ olùgbàlejò. Síbẹ̀, ojú-ọ̀nà 8 péré ni ó ní fún iṣẹ́ yìí ní ìpele mẹ́gábíìtì 12, gbogbo wọn sì jọ ń pín àká tí kò ju báìtì 1,280 lọ. Fáláàṣì kan ń fẹ́ ọ̀nà fún ìbéèrè àti ìdáhùn, ó ń fẹ́ òmíràn fún kíkà àti òmíràn fún kíkọ. Bí àlejò méjì bá dé pọ̀, ìjókòó ti fẹ́ tán. Ọpọlọ yìí kan náà ní ẹ̀ka USB kejì tí ìwé rẹ̀ sọ pé ó lè sáré dé mẹ́gábíìtì 480. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, bí a bá ra ẹ̀yà mìíràn mọ́ ọn lára. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mẹ́gábíìtì 12 ni yóò máa gbé. Ìwé ìpolówó kì í fi lẹ́tà gàdàgbà kọ irú àlàyé yìí.

Oríta USB, ìyẹn àpótí kékeré tí ó ń sọ ihò kan di mẹ́rin, ni ó máa ń tú àṣírí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ènìyàn á rò pé bí ihò kò bá tó, oríta ni a ó rà. Ṣùgbọ́n oríta pẹ̀lú jẹ́ àlejò, ó ní èdè tirẹ̀, olùgbàlejò sì ní láti gbọ́ èdè náà kí ó tó lè bá àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ètò-iṣẹ́ tí a kọ fún ọpọlọ kékeré kò gbọ́ ọ rárá. Bí a bá ki fáláàṣì bọ inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Bí oríta bá wà láàárín wọn, òkùnkùn. Ẹni tí kò mọ èyí á ní oríta ni ó bàjẹ́.

Ẹ̀kọ́ láti ara Raspberry Pi

Àpẹẹrẹ tí ó yé ènìyàn jù lọ ni ti Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú tí àjọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2012 kí àwọn ọmọdé lè fi kọ́ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ihò USB méjì ni ó ní, ó sì ní ihò fún okùn íntánẹ́ẹ̀tì. Lójú, ó jọ kọ̀ǹpútà gidi. Nínú rẹ̀, ọpọlọ BCM2835 ni ó wà, irú èyí tí a ń lò fún ohun èlò alágbèéká, ojú-ọ̀nà USB kan ṣoṣo ni ọpọlọ náà sì ní. Ihò méjèèjì àti ihò íntánẹ́ẹ̀tì jọ ń gba inú oríta kan kọjá lórí pátákó náà, kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn.

Apá tí ó ń bójú tó USB nínú ọpọlọ yẹn kò ní ọgbọ́n tirẹ̀ púpọ̀. Nínú kọ̀ǹpútà gidi, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni ó ń ka ìyípo 8,000 yẹn, tí ó sì ń pe àlejò lórúkọ, tí ọpọlọ àgbà á sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Nínú Raspberry Pi àkọ́kọ́, ọpọlọ àgbà fúnra rẹ̀ ni a ń jí ní ìyípo kọ̀ọ̀kan láti wá ka orúkọ. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn, ìyípo ti kọjá. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó fi ń rí i pé lẹ́tà kan tí wọ́n tẹ̀ ń tún ara rẹ̀ kọ léraléra, tàbí pé ọ̀rọ̀ tí ń bọ̀ láti íntánẹ́ẹ̀tì ń sọnù lójú ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ kíbọ́ọ̀dù gan-an ni ìṣòro náà ti le jù, nítorí pé kíbọ́ọ̀dù ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, oríta tí ó wà láàárín sì ń sáré. Olùgbàlejò ní láti fi ìbéèrè lé oríta lọ́wọ́, kí ó lọ, kí ó sì padà wá gba ìdáhùn ní àkókò tí ó pé gẹ́lẹ́. Ó gbà wọ́n tó ọdún méjì kí ètò-iṣẹ́ tí a tún kọ tó mú ọ̀pọ̀ nínú àìsàn yìí kúrò. Ìgbà tí Raspberry Pi 4 jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2019 ni a tó fún àwọn ihò náà ní ẹ̀yà ìgbàlejò tiwọn, tí ó dá dúró.

Ìtàn yìí ṣe pàtàkì fún olùkọ́, nítorí pé àwọn onímọ̀ ni ó ṣe ẹ̀rọ náà, fún ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì ṣe é. Kì í ṣe àìbìkítà ni ó fa ìṣòro rẹ̀. Owó tí wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́ ni ó yan ọpọlọ fún wọn, ọpọlọ náà ni ó sì yan ààlà.

Fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì: ẹni tí ó jẹ́ àlejò àti olùgbàlejò

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, a fi àfikún kan kún òfin USB tí a pè ní On-The-Go, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí OTG. Ó fàyè gba ohun èlò kékeré láti jẹ́ àlejò lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, kí ó sì jẹ́ olùgbàlejò fún fáláàṣì. Nínú okùn OTG onígun kékeré ti àtijọ́, wáyà kan wà tí ó ń sọ fún fóònù pé òun ni olùgbàlejò lónìí. Nínú ihò Type-C, tí òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 2014, orí méjèèjì okùn jọ ara wọn, àmì kékeré inú okùn ni a sì fi ń mọ ẹni tí ń pè àti ẹni tí ń dáhùn. Ojú ènìyàn kò tún lè fi ìrísí mọ nǹkan kan mọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nípa OTG ni pé òfin náà kò fi dandan lé ohun èlò láti gba gbogbo àlejò. Ó ní kí ẹni tí ó ṣe é kọ orúkọ àwọn àlejò tí òun lè gbà sínú ìwé kan. Bí àlejò bá ti yàtọ̀ sí orúkọ inú ìwé, ohun èlò náà kò jẹ̀bi bí ó bá kọ̀ ọ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sábà dé ọwọ́ ẹni tí ó ra fóònù.

Ètò Android ti ní àyè fún ìgbàlejò láti ìpele 3.1, tí ó jáde ní ọdún 2011. Àyè nínú ètò jẹ́ nǹkan kan, ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ sì jẹ́ nǹkan mìíràn. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ dín owó kù, ó lè ṣàì so wáyà ìgbàlejò tàbí kí ó yọ ẹ̀yà tí ń pèsè iná fún àlejò, síbẹ̀ kí Android rẹ̀ jẹ́ ti òde òní.

Ibí yìí ni ìtàn ẹ̀rọ ìkẹ́kọ̀ọ́ ní agbègbè wa ti yẹ fún àgbéyẹ̀wò. Ní sáà àkọ́kọ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, láti ọdún 2010 sí 2014, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì pín kọ̀ǹpútà àgbéletan fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní ọdún 2013, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ó bá Ẹ̀fọ̀n pààlà, gbé tábúlẹ́ẹ̀tì Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní ìgbà ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, pẹ̀lú ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá tí a ti kó sínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn sábà máa ń fi méjèèjì wé ara wọn nípa owó àti ìṣèlú. Ó yẹ kí olùkọ́ fi wọ́n wé ara wọn ní ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà àgbéletan jẹ́ olùgbàlejò láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Ohun tí olùkọ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lè wọ inú rẹ̀ láti ara fáláàṣì. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí a ti kó ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀ kò nílò àlejò kó tó wúlò, ẹni tí ó kó ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀ ni ó sì pinnu ohun tí a ó kọ́. Ọ̀kan kò burú ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó fẹ́ fi oríkì ìlú tirẹ̀ kọ́ ọmọ ní láti mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ òun.

Fáláàṣì nínú àpótí ohùn

Àpótí ohùn tí ń gba fáláàṣì ni olùgbàlejò tí ó kéré jù, òun ni ó sì wọ́pọ̀ jù. Ọpọlọ inú rẹ̀ mọ nǹkan méjì: bí a ti ń ka fáláàṣì, àti bí a ti ń sọ fáìlì MP3 di ohùn. Lára bí a ti ń to fáìlì sínú fáláàṣì, FAT32 ni ó sábà máa ń mọ̀, nítorí pé ó ti pẹ́, ó rọrùn, kò sì gba àyè púpọ̀. FAT32 kò lè gba fáìlì kan tí ó tó gígábáìtì 4. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Windows pẹ̀lú kò jẹ́ kí ènìyàn fi FAT32 to fáláàṣì tí ó ju gígábáìtì 32 lọ. Ìdí nìyí tí fáláàṣì gígábáìtì 64 fi sábà máa ń jáde pẹ̀lú ètò exFAT, èyí tí Microsoft kò ṣí òfin rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé títí di oṣù kẹjọ ọdún 2019. Àpótí ohùn tí a ṣe láìní exFAT nínú kò ní rí nǹkan kan nínú irú fáláàṣì bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tí ó ju ti gígábáìtì 8 nù tí ó sì ra ti 64 ti fi owó ra ìṣòro tuntun.

Orúkọ fáìlì tún jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. FAT ń tọ́jú orúkọ méjì fún fáìlì kan: orúkọ gígùn tí ó lè gba àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ Yorùbá, àti orúkọ kúkúrú tí kò ju lẹ́tà 8 lọ pẹ̀lú àfikún 3. Olùgbàlejò kékeré sábà máa ń ka ti kúkúrú nìkan. Oríkì mẹ́wàá tí olùkọ́ fi àmì ohùn kọ orúkọ wọn dáadáa á wá di ORIKI~1, ORIKI~2 lójú ẹ̀rọ, tàbí kí ó fi àpótí ṣófo rọ́pò lẹ́tà tí kò mọ̀. Bí a bá fi nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ orúkọ kọ̀ọ̀kan, bíi 01 àti 02, a ṣì lè mọ èyí tí a fẹ́, bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ gé ìyókù dànù.

Kíbọ́ọ̀dù àti àmì ohùn

Fún olùkọ́ Yorùbá, kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dun ni tó ti kíbọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ rò pé kíbọ́ọ̀dù ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ipò bọ́tìnnì ni ó ń fi ránṣẹ́. Nínú ìlànà tí ó rọrùn jù, báìtì 8 ni ó ń lọ lẹ́ẹ̀kan: ọ̀kan fún Shift, Ctrl àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ọ̀kan tí ó ṣófo, àti 6 fún àwọn bọ́tìnnì tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bọ́tìnnì tí A wà ní ojú rẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà ń rán nọ́ńbà 4. Lórí kíbọ́ọ̀dù ilẹ̀ Faransé, tí àwọn Yorùbá Kétu àti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin ń lò, Q ni ó wà ní ipò yẹn, nọ́ńbà 4 kan náà ni ó sì ń rán. Olùgbàlejò ni ó ní láti mọ lẹ́tà tí nọ́ńbà náà dúró fún.

Nítorí náà, kò sí ohun tí ń jẹ́ kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú okùn USB. Yorùbá wà nínú olùgbàlejò tàbí kí ó má sí níbì kankan. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ètò Unicode, èyí ni 1EB9. Ẹ pẹ̀lú àmì òkè kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti fi nọ́ńbà àmì òkè, 0301, tẹ̀lé ti ẹ. Ẹ̀rọ tí ó bá fẹ́ kọ ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kí wọ́n má di ohun kan náà ní láti sọ bọ́tìnnì kan tàbí méjì di nọ́ńbà méjì, kí ó sì lè ya àmì náà sí orí lẹ́tà tí ó ni ín. Kọ̀ǹpútà ń ṣe èyí bí a bá gbé ètò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sínú rẹ̀. Lórí Android, àtẹ Yorùbá tí ó wà lójú fóònù àti ètò tí ń túmọ̀ kíbọ́ọ̀dù USB jẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó ń fi ìka kọ Yorùbá tí ó gún régé lójú fóònù lè so kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn kí ó sì bá Gẹ̀ẹ́sì nìkan pàdé. Nínú tẹlifíṣọ̀n àti àwọn ohun èlò tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, àtẹ Amẹ́ríkà nìkan ni a sábà máa ń dì sí i, kò sì sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà fi òmíràn kún un. Ìdí kì í ṣe pé Yorùbá ṣòro fún ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tí ó béèrè fún un nígbà tí wọ́n ń di ẹrù náà.

Iná tí àlejò ń jẹ

Òfin USB 2.0 sọ pé olùgbàlejò gidi ní láti lè fún àlejò kan ní iná tí ó tó 500 mA ní fólítì 5. Àlejò kò gbọdọ̀ jẹ ju 100 mA lọ kí a tó gbà á wọlé. Fún ohun èlò OTG, òfin fàyè sílẹ̀ pé ó lè pèsè 8 mA péré, kí bátìrì rẹ̀ má bàa tètè tán. Àárín 8 àti 500 jìn sí ara wọn. Kíbọ́ọ̀dù kékeré lè rí jẹ níbẹ̀. Àká ńlá tí nǹkan ń yí nínú rẹ̀ kò lè gbéra. Ó máa ń dún díẹ̀, á dákẹ́, á tún dún, ẹni tí ó ni ín á sì rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ti sọnù. Nínú Raspberry Pi àkọ́kọ́ pẹ̀lú, a fi ìdènà 140 mA sí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan, ó sì pa ọ̀pọ̀ àlejò lẹ́nu mọ́ kí a tó yọ ọ́ nínú àwọn tí a ṣe lẹ́yìn ní ọdún 2012 kan náà.

Ní ibi tí iná ìjọba ti ń lọ tí ó ń bọ̀, èyí kò mọ sí orí ìwé. Fóònù tí ó ń gba fáláàṣì lálejò ń bọ́ ọ láti inú bátìrì tirẹ̀, okùn OTG lásán kò sì fàyè sílẹ̀ láti gba iná wọlé láti inú ihò kan náà. Olùkọ́ tí bátìrì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ lè má parí ẹ̀kọ́ oníṣẹ́jú 40 kan. Oríta tí ó ní iná tirẹ̀ lè gba ẹrù kúrò lọ́rùn fóònù, bí fóònù bá gbọ́ èdè oríta, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì ní ẹ̀rọ amúnáwá tàbí iná oòrùn tí a ó fi bọ́ ọ.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú owó

Olùkọ́ tí a bá rán lọ ra ohun èlò kò nílò láti mọ orúkọ ọpọlọ tí ó wà nínú rẹ̀. Kí ó mú fáláàṣì tí ilé-ẹ̀kọ́ ń lò lọ́wọ́ lọ, pẹ̀lú fáìlì tí ó ní àmì ohùn lórúkọ, kí ó mú kíbọ́ọ̀dù kan àti oríta kan, kí ó sì dán wọn wò ní ṣọ́ọ̀bù kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Kí ó kọ́kọ́ fi fáláàṣì sí i nìkan, lẹ́yìn náà kí ó fi oríta sáàárín. Kí ó yọ wáyà iná kúrò lára ẹ̀rọ náà, kí ó wò bóyá fáláàṣì ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí bátìrì. Lórí Android, ètò-iṣẹ́ ọ̀fẹ́ wà tí ó ń wo bóyá ẹ̀rọ sọ pé òun ní ìgbàlejò. Ó dára láti lò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè sọ bẹ́ẹ̀ kí iná tí ó ń pèsè má tó nǹkan, nítorí náà fáláàṣì gidi ni ẹlẹ́rìí tí ó dájú jù.

Bí ẹ̀rọ bá sì ti wà nílẹ̀, tí kò sí owó òmíràn, fáláàṣì tí kò ju gígábáìtì 32 lọ, tí a fi FAT32 tò, tí fáìlì inú rẹ̀ jẹ́ MP3 fún ohùn, ni ó ní ààyè jù láti rí ìgbàwọlé lọ́dọ̀ olùgbàlejò kékeré. Kọ̀ǹpútà àgbéletan àtijọ́ tí ó ń tan, kódà bí bátìrì rẹ̀ bá ti kú, ṣì ń gba àlejò ju ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun lọ, ó sì tún lè kó fáìlì láti inú fáláàṣì exFAT sínú ti FAT32 fún àpótí ohùn tó wà ní yàrá kejì.